Àga Tí Mo Gbé Dí Ẹnu Ọ̀nà ní Mayfair

Ilé Láoyè,
Mọ́dákẹ́kẹ́,
Ilé-Ifẹ̀.

Ọlátúnbọ̀sún ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé nínú Èkó yẹn. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí Bọ́látitó ọmọ ọmọ mi, tí ìyá rẹ̀ ní ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka ta fóònù kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń pe bàbá àgbà. Ẹ̀rọ tó ń gbé yín gòkè lọ sí ọ́fíìsì láràárọ̀ kò ní já. Ẹni tó ń bínú yín kò ní rí yín mú. Bí ẹ ṣe ń jáde lẹ ó máa wọlé, ẹ ó sì máa bá ilé láyọ̀. Àmín.

Àwa náà wà níhìn-ín bí Ọlọ́hun ṣe fẹ́. Hàjàrá ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀ láti ìgbà tó ti ń fi àdí pa á, ó sì ti tún ń bá mi jà bíi ti àtijọ́, nítorí náà mo mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Àgbàrá fẹ́ wó ògiri ilé ìdáná, mo ti kó àpò iyanrìn dí i. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Ọ̀kan nínú wọn fi àgbọ̀n jọ Lágúnjú, ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń fẹ́ ra oko wa, ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni mo sọ fún.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, o máa ń ní o wà nínú ìpàdé, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lo sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹniolúwa, ọmọbìnrin tó háyà yàrá ẹ̀yìn wa, tó ń kàwé ní Yunifásítì, ní òun yóò ya lẹ́tà náà ní fọ́tò, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wọ́sáàpù. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi í sínú àpò ìwé, kó lẹ ẹnu rẹ̀ pa dáadáa, kó tó yà á, kí àwọn ará Ìbàdàn má baà kà á lójú ọ̀nà. Ó wò mí títí. Bí o bá rí i pé àpò ìwé nìkan lo gbà, ṣe sùúrù, tú u jẹ́jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ohùn rẹ sọ sínú fóònù Ẹniolúwa kó lè gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti gbọ́ ọ. Ohun méjì lo sọ. O ní kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ṣe àpérò ní Mayfair, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀ níhìn-ín, nítorí o rí mi nínú fídíò kan, mo gbé àga dí ẹnu ọ̀nà, mo jókòó lé e, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde. O tún ní kí n gbà fún Lágúnjú kó ra oko wa tó wà lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n, torí ọwọ́ mi kò ká a mọ́, àti pé ilẹ̀ náà kàn wà lásán ni. Mo ti gbọ́ méjèèjì, mi ò sì ní ṣe ìkankan nínú wọn. Jókòó kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, bí ìpàdé bá sì ń pè ọ́, sọ fún un pé bàbá rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.

O mọ̀ pé ẹbí ti fẹnu kò, pé bí oko yẹn bá ṣì wà nígbó nígbà tí a bá pàdé lẹ́yìn Iléyá, a ó fà á lé Lágúnjú lọ́wọ́ kó fi kọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bàbá mi ló ṣán igbó ibẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí mo wú níbẹ̀ ni ìwọ fi kàwé tí o fi mọ ọ̀nà Èkó. Nígbà tí Lágúnjú sọ pé ilẹ̀ náà wà lásán, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu tìrẹ, inú mi bàjẹ́, mi ò lè jẹ oúnjẹ tí ìyá rẹ gbé kalẹ̀, torí pé Lágúnjú kò jẹ nínú oko náà dàgbà. O ní o máa fi owó ránṣẹ́ kí n fi háyà lébìrà títí ẹbí yóò fi pàdé, kí ojú má baà tì mí, lẹ́yìn náà kí n wá tà á. Irú ọgbọ́n wo nìyẹn? Ṣé ẹni tó fẹ́ ta ewúrẹ́ ló ń wẹ̀ fún un?

Nígbà tiwa, ẹnikẹ́ni kì í dá oko ro. Àáró là ń ṣe. Lónìí gbogbo wa ó lọ sí oko tèmi, lọ́la a ó lọ sí ti ẹnìkejì, lọ́túnla ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀, iṣẹ́ la fi ń san iṣẹ́. Ohun tó sọ oko mi digbó nìyẹn, kì í ṣe ọwọ́ mi. Àwọn tí a jọ ń ṣe àáró ti kú, àwọn tí kò kú sì wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Èkó, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí tí Ẹniolúwa fi sọ fún mi pé àwọn fẹ́ ṣe àpérò ní Mayfair, lórí bí ènìyàn ṣe lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Mo bi í pé ènìyàn ńlá wo ló ń bọ̀ wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí ènìyàn ńlá kankan. Kò sí alága, kò sí tábìlì gíga. Àwọn tó bá wá ni yóò darí ara wọn. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ gbé kalẹ̀ yóò kọ ọ́ sórí bébà kékeré, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, àwọn yòókù yóò lọ jókòó tì í, bí ó bá parí, ó kan ẹlòmíràn. Ara mi yá gágá. Mo ní ṣé o rí i, àáró ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dà bíi bẹ́ẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, má jẹ́ kó yí i padà fún ọ.

Mo wọ agbádá kékeré mi, mo tẹ̀ lé e. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí n fi fóònù ya àwòrán dúdú-funfun kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó, pé ibẹ̀ ni orúkọ mi yóò ti wọ ìwé wọn, kí n tó wọlé. Mo ní mi ò ya fọ́tò ohun tí mi ò mọ̀ rí, mo kí wọn, mo kọjá. Wọ́n kọ orúkọ mi sórí káàdì, wọ́n sì so ó mọ́ mi lọ́rùn bí àgbò Iléyá tí wọ́n ti sanwó rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Adéṣọlá ló dìde tó ka òfin. Ó ní ẹni tó bá rí i pé òun kò rí nǹkan kọ́ níbi tí òun wà, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde lọ sí yàrá mìíràn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Mi ò fọkàn sí ìyẹn, mo rò pé àwọn tí inú ń run ló ń bá wí.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣe àáró wọn. Mo kọ́kọ́ jókòó ti ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olúmúyìwá. Ó ní agogo pupa roboto kan tó dà bíi tòmátì, ó ní bí òun bá ti yí i, òun á ṣiṣẹ́ títí yóò fi dún, bó bá dún, òun á dìde na ara, òun á tún bẹ̀rẹ̀. Mo wò ó, mo ṣàánú rẹ̀, géńdé ọmọkùnrin tí tòmátì ń pàṣẹ fún. Lẹ́yìn èyí mo lọ sọ́dọ̀ Adéṣọlá fúnra rẹ̀. Ó ní àṣírí tòun ni pé láràárọ̀, kí òun tó ṣe ohunkóhun, òun á kọ́kọ́ jẹ àkèré òun. Gbogbo wọn mi orí, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo na ọwọ́ sókè, mo bi í bóyá ó ń sè é tàbí ó ń yan án, mo sì sọ fún un pé àwa Mùsùlùmí kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n n kò bá a jà. Ẹniolúwa fà mí láṣọ, ó ní iṣẹ́ tó le jù lọ lójúmọ́ ni ó ń pè ní àkèré. Mo ní kí ló dé tí kò pè é ní iṣẹ́. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún ìyá rẹ, ó ní ebi ló ń pa ọmọ náà, ó sì gbé mọ́ínmọ́ín ránṣẹ́ sí i.

Ẹnìkẹta ni mi ò rántí ohun tó sọ. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ gbé mi sùn. Ṣùgbọ́n mo jókòó tì í dópin, ẹni tó bá sì sùn lóko àáró, ó ṣáà wá.

Ó wá kan èmi. Mo ní kí Ẹniolúwa bá mi kọ bébà tèmi: Oko Bàbá Láoyè, Ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n, Sátidé. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọlátúnbọ̀sún, o ò rí èrò. Wọ́n kún yàrá náà, àwọn kan ń dúró sẹ́yìn. Mo sọ fún wọn bí a ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ní ẹni tó bá dá oko ro á bá ejò, á bá oòrùn, á bá àárẹ̀, á sì tún bá ara rẹ̀ jà, ti ara rẹ̀ yẹn ló sì burú jù. Ṣùgbọ́n bí o bá gbójú sókè tí o rí ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tó ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ro, ojú á tì ọ́ láti dúró. Kò sí agogo tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àárín ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọkùnrin kan dìde, ó ń tẹ fóònù, ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ṣé kí n dákẹ́ ni? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo gbé àga mi, mo gbé e síwájú ilẹ̀kùn, mo jókòó. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá ti wọ oko àáró kì í jáde kí ìlà rẹ̀ tó parí. Mi ò tilẹ̀kùn, mi ò bú u, mi ò fọwọ́ kàn án. Ó padà lọ jókòó, ó sì tẹ́tí sílẹ̀ ju gbogbo wọn lọ lẹ́yìn náà. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní pé mo ti ènìyàn mọ́lé. Wọ́n ní mo rú òfin ẹsẹ̀. Mo ní tèmi ni òfin ìdí. Nígbà tí mo bi wọ́n pé ta ni yóò wá lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wọn ló na ọwọ́ sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé inú wọn dùn sí iṣẹ́ ni.

Lójú ọ̀nà, Ẹniolúwa ní Bàbá, wọ́n ń ṣàwàdà ni. Mo ní èmi kò na ọwọ́ sókè rí fún àwàdà.

Sátidé pé. Ìyá rẹ ti se ẹ̀wà, ó ti yọ gàrí, mo ti kó gbogbo ọkọ́ tó wà nílé jọ, àti èyí tí mo yá. Oòrùn yọ, a ò rí ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo jókòó lórí pèpéle, mo ronú kan Lágúnjú, mo ronú kan ìwọ náà, mo ní bóyá òótọ́ lẹ ń sọ. Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí ẹgbẹ́ tiwa máa ń ṣe fún ẹni tó bá sùn gbàgbé ọjọ́ àáró. A kì í bú u. A ó lọ gbé ọkọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a ó sì jókòó síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀ títí yóò fi jáde. Mo kó ọkọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Mayfair. Ẹniolúwa ló mú mi dé ilé tí àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé, ó fi ìborùn bo ojú.

Mo gbé ọkọ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Adéṣọlá ló kọ́kọ́ jáde, búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọkọ́, ó wò mí, ó kúnlẹ̀. Ó ní kí n má bínú, àwọn rò pé mò ń fi oko ṣàpèjúwe ni. Mi ò dá a lóhùn, torí bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó nu ẹnu rẹ̀, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn àwọn yòókù. Àwọn kan kọ̀, wọ́n padà sùn, mo gbé ọkọ́ wọn kúrò láìsọ nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn tó jáde kún kẹ̀kẹ́, wọ́n tún pe òmíràn.

Nígbà tí a dé oko, wọn ò mọ ọkọ́ dì mú. Ẹlòmíràn ń fi í gbá koríko bí ẹni ń gbá ilẹ̀. Agogo tòmátì dún, Olúmúyìwá sọ ọkọ́ sílẹ̀, gbogbo wọn bá a sọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ, tó gbé oúnjẹ wá bá wa, gba agogo náà, ó fi ìborùn rẹ̀ wé e, ó sì gbé e sábẹ́ igi ọsàn, ó ní kó sùn díẹ̀. Mo to wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oníkálukú lórí ìlà tirẹ̀, mo ní ẹni tó bá kọ́kọ́ parí kó padà wá pàdé ẹni tó kù sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí ariwo wọn fi balẹ̀. Adéṣọlá ló bá ibi tó burú jù lọ pàdé, ní ìsàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò koríko ti jìn. Ó dúró, ó ní Bàbá, èyí gan-an ni àkèré. Mo ní bó bá jẹ́ pé òun ni, Bìsìmílà. Ó ro ó mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bó, kò sunkún.

Lágúnjú kọjá nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó dúró, ó bi mí pé èló ni mo háyà wọn. Mo ní òfo. Ó ní irọ́ ni. Mo ní kó bi wọ́n. Ó bi wọ́n, Olúmúyìwá sì dá a lóhùn pé àpérò làwọn ń ṣe. Lágúnjú lọ láìdágbére. Mi ò rẹ́rìn-ín títí ó fi kọjá ìyànà, lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín dáadáa.

Èmi náà ń san tèmi, kí o má rò pé mo rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Ẹniolúwa ní ìwé ńlá kan tó gbọ́dọ̀ kọ kí ó tó lè jáde ní Yunifásítì, ìwé náà sì ti ń dẹ́rù bà á, bó bá jókòó tì í, á gbé fóònù. Mo gbé àga mi sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ń bó ẹ̀gúsí. Mi ò mọ ohun tó ń kọ. Bó bá na ọwọ́ sí fóònù, mo wúkọ́. Ó ti fẹ́ parí rẹ̀ báyìí. Olúmúyìwá náà ní kí n wá jókòó ti òun, mo ti lọ sí Mayfair lọ jókòó tì í, tèmi-tẹ̀gúsí. Ó ní òun ti ń ṣiṣẹ́ láìyí tòmátì. Adéṣọlá ní ohun tí mò ń ṣe yìí ní orúkọ lédè òyìnbó. Mo ní kó gbé orúkọ náà dání, àáró ni mo bá lẹ́nu bàbá mi. Wọ́n ti ní kí n wá sọ̀rọ̀ ní àpérò tó ń bọ̀, wọ́n sì ní àwọn yóò fi àga sí ẹnu ọ̀nà dè mí. Ṣé àwọn wọ̀nyí lo ní kí n lọ bẹ̀?

Nítorí náà, má fi owó lébìrà ránṣẹ́, mi ò ní gbà á. Owó kan ṣoṣo tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni owó ọkọ́. Àtàndá alágbẹ̀dẹ ti rọ ọ̀kan sílẹ̀, ó fúyẹ́, ó bá ọwọ́ akọ̀wé mu. Mo lè rà á, ṣùgbọ́n mi ò ní rà á, torí ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra ọkọ́ ló máa ń fẹ́ wá wò ó.

Torí pé oko kò tíì mọ́ tán. Gbogbo rẹ̀ ló mọ́ àfi ìlà kan, ti ẹ̀bá igi ọsàn, níbi tí o ti máa ń bá mi ro nígbà tí ọkọ́ ga jù ọ́ lọ. Adéṣọlá fẹ́ ro ó, mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Lóko àáró, ìlà ẹni tí kò wá là ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí i. Koríko ibẹ̀ ti dé orúnkún mi báyìí. Bí ẹbí bá dé lẹ́yìn Iléyá, tí Lágúnjú bá nàka sí i pé oko kò mọ́, èmi ó sọ fún wọn pé ti Ọlátúnbọ̀sún nìyẹn, ó ń bọ̀. Ohun tí mo máa sọ nìyẹn, bí o bá wá, bí o kò bá wá.

Ọlọ́hun kó fún ọ ní ẹ̀mí gígùn, kó má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbàgbé ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Iṣẹ́ Èkó kò ní pa ọ́. Ọmọ tí o bí yóò dúró tì ọ́ lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá ní ìlà láti ro. Àmín, àṣẹ Ọlọ́hun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mùhámmẹ́d Láoyè.

Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé òun ti fi ẹ̀wà tìrẹ pamọ́.